"Kọ̀ǹpútà Ti Kú": Àyẹ̀wò Ohun tí Ó Ń Pa Ẹ̀rọ Ilé Lẹ́nu Iṣẹ́ Títò Fídíò ní Àdúgbò Aswani

Ìfáárà

Gbólóhùn kékeré kan ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Gbólóhùn náà ni "Kọ̀ǹpútà ti kú." Bóyá ni a fi lè rí ẹni tí ń fi fídíò ṣe iṣẹ́ ìwádìí láàrin wa tí kò tíì sọ ọ́ rí. Bí a bá gbé ẹ̀rọ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ohun kan náà ni a máa ń wí fún un, òun náà kì í sì í sábà bi wá ní ìbéèrè kejì kí ó tó tú ẹ̀rọ palẹ̀. Èrò wa ni pé inú gbólóhùn yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà pè, ohun tí ó sì ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ irú ikú tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú yóò máa ra oògùn ibà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá.

Ọ̀rọ̀ náà kan òǹkọ̀wé yìí fúnra rẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, a gba ohùn ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni fídíò náà. Ìyá náà papò dà ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí àìtówó, a ti pa ohun tí ó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́ kí á lè fi ya nǹkan mìíràn, nítorí náà ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó kù láyé ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí a gbé kalẹ̀ nínú yàrá wa ní Aswani, ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀rọ náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú nígbàkígbà tí a bá fẹ́ kó iṣẹ́ tí a ti tò jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ kan tí a pè wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fọ́mààtì rẹ̀ fún yín kíá." Bí a bá ti gbà fún un ni, ẹkún ìyàwó náà ìbá ti bá ìyá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí A Fi Ń Pè É

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ẹni tí ó lè retí pé kí ó sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí á dúró de ìgbìmọ̀ kankan lórí èyí. Ọ̀rọ̀ tí ó tó fún iṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu wa, bí a bá lè pín in bí ó ti yẹ.

Bí ẹ̀rọ bá kú láìsí ìkìlọ̀, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí fáànù inú rẹ̀ sì dákẹ́, ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní ikú òjijì. Bí ó bá kú tí ó sì tún tan fúnra rẹ̀, pàápàá bí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ di aláwọ̀ búlúù tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti nọ́ńbà díẹ̀ sí i, dákúdájí ni. Àwọn ará Èkó ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún iná mànàmáná; kò sí ohun tí ó ní kí á má yá a lò. Bí àwòrán bá dúró sójú kan, tí ohunkóhun tí a tẹ̀ kò ràn án mọ́, ṣùgbọ́n tí fáànù ṣì ń yí, ẹ̀rọ há ni. Ó yà wá lẹ́nu pé "há" ti Yorùbá àti ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra létí, bẹ́ẹ̀ wọn kò bá ara wọn tan rárá. Ẹ̀kẹrin ni kí ètò tí a fi ń tò fídíò pa ara rẹ̀ dé nígbà tí gbogbo ohun yòókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ní ti èyí, ètò náà ni ó já wa jù sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò kú.

Ìpín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ikú òjijì sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ iná tàbí ooru wá. Dákúdájí sábà máa ń ti ara RAM wá, tàbí ara káàdì àwòrán àti ètò tí ń darí rẹ̀. Híhá lè jẹ́ ti dísìkì tí ó ti ń rẹ̀ tàbí ti RAM tí kò tó. Jíjánijùlẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti ètò náà fúnra rẹ̀ tàbí ti fáìlì kan tí ó ti bàjẹ́. A sọ pé "sábà" nítorí pé ààlà wọn kò gún tó bẹ́ẹ̀. Iná tí kò tó lè fa dákúdájí pẹ̀lú, ooru lè mú kí ẹ̀rọ há. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò sàn ju ẹni tí ń wò káàkiri lọ.

Kí Á Tó Fọwọ́ Kan Ohunkóhun

Fífọ́mààtì kì í ṣe oògùn ikú òjijì. Ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò tó tàbí tí ooru mú yóò kú lórí Windows tuntun gẹ́gẹ́ bí ó ti kú lórí ti àtijọ́. Ohun tí ó wà nínú dísìkì nìkan ni yóò ti lọ. A dá ọmọkùnrin náà lóhùn pé, "Àbúrò, o ṣeun. Ẹ̀dà ni a ó kọ́kọ́ ṣe ná." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí a bá ti ṣe tán kí á pe òun.

A tú háàdì dísìkì jáde kúrò nínú ẹ̀rọ, a fi í sínú àpótí kékeré tí ó ní okùn USB, a sì so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ wa kan. A mọ̀ọ́mọ̀ lo láptọ́ọ̀pù ni, nítorí pé bátìrì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá iná lọ tàbí iná dé. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀ nígbà tí fláàṣì tí a fẹ́ da fídíò náà sí kọ̀ ọ́. Àyè inú fláàṣì náà tó 64 GB, fáìlì tí ó gùn jù nínú iṣẹ́ wa kò sì ju 11 GB lọ, síbẹ̀ ó ní àyè kò sí. A kọ́kọ́ rò pé fáìlì ni ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìlànà ìtọ́jú fáìlì tí wọ́n ń pè ní FAT32 ni fláàṣì náà ń lò, ìlànà yìí kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó 4 GB, bí ó ti wù kí àyè tó. Bí a ti yí i sí exFAT ni ó gbà á. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí á fọ́mààtì ní ọjọ́ náà ni fláàṣì òfìfo yẹn.

Ó tọ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan kún un níhìn-ín, nítorí pé ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún láìnídìí. Bí ẹ̀rọ bá kú nígbà tí a ń kó fídíò jáde, fáìlì MP4 tí a bá lójú ọ̀nà kì í sábà ṣí mọ́, bí ó tilẹ̀ ti dé ìdá 90 nínú 100. Ìdí ni pé ìparí iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń kọ atọ́ka tí ó sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà sínú fáìlì náà. Ìwé tí kò ní atọ́ka ṣì ṣe é kà. Fáìlì MP4 tí kò ní i kò ṣe é wò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé fídíò tí a yà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti bàjẹ́. Kíkà ni ètò títò ń kà á, kì í kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ìdí tí Ó Fi Jẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Fídíò

Ìbéèrè tí oníṣẹ́ máa ń bi ni ni pé: bí ẹ̀rọ yìí bá ní àrùn, kí ló dé tí a fi ń fi í tẹ ìwé láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí kò kú? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Àwòrán kan nínú fídíò tí ó fẹ̀ tó 1920 ní ìbú tí ó sì ga tó 1080 ní òòró ní àmì 2,073,600. Bí a bá ń wo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àmì náà di 51,840,000. Bí a bá fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfún un pọ̀, yóò gba nǹkan bí 155 mílíọ̀nù báìtì fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nítorí èyí ni kámẹ́rà àti fóònù ṣe máa ń fún fídíò pọ̀. Ìlànà H.264, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2003, kì í tọ́jú gbogbo àwòrán ní kíkún. Ó ń tọ́jú ọ̀kan ní kíkún, lẹ́yìn náà ohun tí ó yí padà nìkan ni yóò máa sọ, títí di ìgbà tí yóò tún tọ́jú òmíràn ní kíkún. Ó dà bí ẹni tí ó ròyìn ilé fún ọmọ tí ó wà lájò: lẹ́tà àkọ́kọ́ sọ ohun gbogbo, àwọn tí ó tẹ̀ lé e ń sọ ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó kọ́lé nìkan. Ẹni tí ó bá mú lẹ́tà kẹwàá gbọ́dọ̀ padà sí ti àkọ́kọ́ kí ó tó yé e. Bí a bá gé fídíò láàrin, irú ìpadà-sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Bí a bá sì ń kó o jáde, ó ń tú gbogbo lẹ́tà náà, ó tún ń kọ wọ́n ní ọ̀tun. Ẹ̀rọ tí ń jẹ nǹkan bí 60 wáàtì nígbà tí a ń tẹ ìwé lè jẹ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, fún wákàtí kan gbáko, láìsinmi. Fídíò kọ́ ni ó kó àrùn ran ẹ̀rọ. Ó gbé ẹrù tí ó wúwo lé e lórí ni, ibi tí ó ti ń ro ó tẹ́lẹ̀ sì hàn.

Ní ayé fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì, irú èyí tí Hubert Ògúndé fi ṣe Aiyé ní 1979, abẹ ni wọ́n fi ń gé fíìmù. Bí iná bá lọ, fíìmù wà lórí tábìlì níbi tí a fi í sí. A kò sọ èyí láti yin ìgbà àtijọ́, nítorí pé owó fíìmù nìkan kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan dá a láṣà.

Ìbéèrè Mẹ́ta

Ohun tí ó là wá lójú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ìwé kékeré kan tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà tí ó bá kú, a kọ ibi tí fídíò dé, iye ìṣẹ́jú tí a ti fi ń kó o jáde, aago tí ó jẹ́, àti ibi tí iná ti ń wá. Láti inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè mẹ́ta ti yọ.

Ǹjẹ́ ibi kan náà nínú fídíò ni ó ti ń kú? Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú 31 ni ní gbogbo ìgbà, ẹ wo ohun tí ó wà ní ìṣẹ́jú 31: fáìlì tí ó bàjẹ́, ohùn tí a fi kún un, tàbí iṣẹ́ ọ̀nà ojú àwòrán tí káàdì kò lè gbé. Ọ̀nà tí a fi lè dán an wò ni kí á bẹ̀rẹ̀ kíkójáde láti ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí ó bá kọjá níbẹ̀ láìsí wàhálà, ibẹ̀ kọ́.

Ǹjẹ́ lẹ́yìn àkókò kan náà ni ó ń kú, láìka ibi tí fídíò dé sí? Èyí jẹ́ àmì ooru, nítorí pé ooru ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ìkòkò. Ìbéèrè kẹta ni bóyá ó ń kú nígbà tí kò bá ìlànà kankan mu, ìṣẹ́jú 3 lónìí, ìṣẹ́jú 40 lọ́la. Níbẹ̀, ẹ wo iná.

Nígbà tí a ka ìwé tiwa, ó rú wa lójú. Ikú 14 ni a kọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò bá ìlànà kankan mu, àfi pé aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ ni gbogbo wọn. Márùn-ún yòókù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán, gbogbo wọn sì wà láàrin ìṣẹ́jú 18 sí 23. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa pé àrùn méjì ni ẹ̀rọ kan náà ní, àti pé ikú òjijì ni àwọn méjèèjì fi ń pa á. Bí a bá ti wo ọ̀kan sàn, èkejì ì bá mú kí á rò pé oògùn kò jẹ́.

Windows náà ní ìwé tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Event Viewer. Bí ẹ̀rọ bá kú láìdágbére, nọ́ńbà 41 láti ọ̀dọ̀ Kernel-Power yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá tún tan. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń ka nọ́ńbà yìí bí ẹni pé òun ni àrùn. Kì í ṣe àrùn. Ìròyìn òkú ni. Ṣùgbọ́n inú ìròyìn náà ni BugcheckCode wà. Bí ó bá jẹ́ 0, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé Windows kò rí àyè sọ ohunkóhun kí ẹ̀mí tó bọ́, èyí tí ó tọ́ka sí iná tàbí ooru. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, dákúdájí ni, nọ́ńbà náà sì ni a ó fi wá ìdí rẹ̀. Tiwa jẹ́ 0 ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Ọ̀rọ̀ Iná

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó fún Aswani ní orúkọ rẹ̀. Ọjà tí ó ń ná ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n lónìí. Ilé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fara kínra. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ tí wọ́n tan fáànù, fìríìjì àti ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, iná ojú wáyà kan náà ni gbogbo wọn ń pín. 230 fóòtì ni ó yẹ kí iná ilé jẹ́ ní Nàìjíríà. A ra òṣùwọ̀n kékeré kan tí a ń kì bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní aago márùn-ún ìdájí ó kọ 221. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ó kọ 168, gílóòbù yàrá wa sì pọ́n bí iná àdògán.

Ohun tí ó yẹ kí á mọ̀ nípa àpótí iná inú kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pawa páàkì, ni pé ó ní agolo kékeré kan nínú tí ó máa ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́. Bí iná ìta bá ṣẹ́jú, agolo yìí ni yóò bọ́ ẹ̀rọ títí iná yóò fi padà. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní kí ó lè gbé ẹrù kíkún ró fún nǹkan bí ìdá 16 tàbí 17 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan báyìí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń to ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú-iná tí ojú wa kì í rí.

Nínú àpótí ti àtijọ́ irú tiwa, ohun tí ó wà nínú agolo ń lọ sókè sódò pẹ̀lú iná ìta, kì í sì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà: bí fóòtì bá dín kù, ohun tí a tọ́jú ń dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 168 fóòtì, díẹ̀ ni ó fi ju ìdajì ohun tí yóò wà níbẹ̀ ní 230 lọ. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí ni a kò tilẹ̀ ṣe fún ohun tí ó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 180 lọ. Bí a bá ń tẹ ìwé, ẹrù fúyẹ́, ìdajì náà tó. Bí a bá ń kó fídíò jáde, ẹrù wúwo, agolo gbẹ, ẹ̀rọ kú. Gbogbo àṣírí ikú mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nìyẹn.

Sitabiláísà ni gbogbo aládùúgbò ní kí á rà, a sì rà á. Ikú dín kù, kò tán. Ó pẹ́ díẹ̀ kí á tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ máa ń kú gẹ́lẹ́ bí sitabiláísà bá ti dún "kẹ́". Irú sitabiláísà tí ó wọ́pọ̀ ń ṣí láti ojú wáyà kan sí òmíràn bí iná bá ti ń yí padà, iná sì máa ń já fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ó bá ń ṣí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀rọ là ni ó wá ń ṣẹ́ ojú sí i. Ohun tí ó parí ọ̀rọ̀ náà ni UPS tí ó ní bátìrì, tí wáàtì rẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ dáadáa. Àwọn tí wọ́n ń lo ínfátà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ínfátà ni iná rẹ̀ rí bí iná ìta. Ẹlòmíràn ń mú iná onígun jáde, àwọn àpótí iná ìgbàlódé kan kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour", ohun tí ó lè gbé kò ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ. Ó tó fún kọ̀ǹpútà kan bí kọ̀ǹpútà bá dá nìkan wà lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, fóòtì yóò wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti fò láti nǹkan bí 190 náírà sí ohun tí ó ju 480 lọ ní òpin oṣù karùn-ún 2023, àjọlò ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ àdúgbò wa, a kì í sì í mọ ẹni tí yóò lọ aṣọ.

Ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà dé gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn àpótí iná kí ó tó kì í bọ iná. Ọ̀pọ̀ àpótí àtijọ́ ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115, kò sí ìdí àtiwá irú ikú tí ẹ̀rọ kú. Gbogbo ilé yóò gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Ooru

Ikú márùn-ún ọ̀sán ni ó kù. UPS kò ràn wọ́n. A fi ètò HWiNFO sí orí ẹ̀rọ, èyí tí ń ka bí ooru inú rẹ̀ ti tó. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkójáde ó wà ní 62, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó di 88, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 17 ó lé ní 97, lẹ́yìn náà òkùnkùn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà lásán máa ń dín eré kù fúnra rẹ̀ bí ó bá ti súnmọ́ 100 kí ó má baà jóná. Bí ìyẹn kò bá tó, yóò pa ara rẹ̀. Nítorí náà irú ikú yìí kì í ṣe àìsàn tààrà. Ààbò ni.

Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ, a kò lè rí abẹ́ fáànù. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nípọn bí tìmùtìmù. Kì í ṣe erùpẹ̀. Òwú ni, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí a jọ ń gbé ilé ń ta aṣọ òkìríkà ní ọjà Aswani, inú yàrá yìí sì ni ó máa ń tú béèlì rẹ̀ sí ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kí ọjọ́ ọjà tó mọ́. Fáànù kọ̀ǹpútà ń fa atẹ́gùn láti ìsàlẹ̀, ibi tí òwú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ náà ń bà sí. Nígbà tí a pè wọ́n wá wò ó, ẹ̀gbọ́n wa ní, "Àṣé gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo pé ọjà ń fò lọ, inú ẹ̀rọ rẹ ni ó ń fò sí." Ó yẹ kí á sọ pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tú béèlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

A fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, a di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. A nu ìpara tí ó wà láàrin ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tí ń gba ooru rẹ̀, nítorí pé ó ti gbẹ bí amọ̀, a sì fi tuntun tí kò ju èso ẹ̀wà kan lọ sí i. A gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀ sórí àpótí. Ooru tí ó ga jù lẹ́yìn èyí ni 74.

Àwọn Ikú Yòókù

A kò ní pẹ́ lórí ìyókù, nítorí pé kò ṣẹlẹ̀ sí wa púpọ̀, ohun tí a sì mọ̀ nípa wọn rọrùn láti sọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe dákúdájí, kí á kọ́kọ́ yọ àṣẹ tí ó ní kí Windows tún ara rẹ̀ tan lẹ́yìn àṣìṣe, kí ojú búlúù lè dúró kí á rí i kà. Lẹ́yìn náà kí á fi MemTest86 yẹ RAM wò láti orí fláàṣì, ní òru mọ́jú. Bí ó bá rí àṣìṣe kan péré, kí á yọ RAM kọ̀ọ̀kan kí á dán èkejì wò lóun nìkan. Bí RAM bá mọ́, kí á pààrọ̀ ètò tí ń darí káàdì àwòrán, tàbí kí á pa àṣẹ tí ó ní kí káàdì ran ètò títò lọ́wọ́. Yóò falẹ̀, ṣùgbọ́n a ó mọ̀ bóyá káàdì ni.

Ní ti híhá, kí á ka ìròyìn S.M.A.R.T. ti dísìkì ná. Bí dísìkì bá yá gágá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ RAM ni kò tó. Ẹni tí ó ní 8 GB tí ó sì fẹ́ tò fídíò ńlá lè ní kí ètò ṣe ẹ̀dà kékeré fún iṣẹ́, kí ó sì padà sí fáìlì ńlá nígbà kíkójáde nìkan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ètò ni ó ń já wa jù sílẹ̀, kí á ṣí iṣẹ́ tuntun, kí á kó iṣẹ́ àtijọ́ sínú rẹ̀ ní abala kan lẹ́yìn òmíràn. Abala tí ó bá wọlé tí wàhálà fi dé ni kí á mú.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ni kí á máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fẹ́ fọ́mààtì, kí ó pààrọ̀ RAM, kí ó sì fọ fáànù ní ọ̀sán kan. Ká ní ó ṣe é, ẹ̀rọ ì bá yá ní ọ̀sán, ì bá sì tún kú ní alẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó jẹ́ oògùn nínú wọn.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Àìkú kan ni a kó ẹkún ìyàwó náà jáde, nígbà tí òṣùwọ̀n kọ 223. Ó gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní ẹ̀ka yìí pẹ̀lú fídíò àtilẹ̀bá tí a kò gé, èkejì wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀kẹta sì wà ní agbègbè Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ ọmọ ìyá náà obìnrin, ẹni tí ó ní òun kò gbọ́ ìlà méje nínú rẹ̀ rí lẹ́nu ìyá òun.